Ìbò 152 péré: kí ló ṣẹlẹ̀ sí Sẹ́nétọ̀ Lawan ní Eagle Square?

Ọ̀tọ́kítọ́ kọ:

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ APC ti ọdún 2022, orí Tinubu àti Osinbajo la máa ń jókòó lé, àfi bíi pé àwọn méjèèjì nìkan ló du tíkẹ́ẹ̀tì náà. Lójú tèmi, ẹnì kan wà tí ìtàn tiẹ̀ yẹ ká tú wò ju tiwọn lọ: Sẹ́nétọ̀ Ahmed Lawan, ọmọ Gashua ní ìpínlẹ̀ Yobe, tó jẹ́ Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà nígbà náà.

Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe tẹ́jú fún un tó. Láti 1999 ló ti wà nílé aṣòfin l'Ábùjá: ọdún mẹ́jọ nílé aṣojú-ṣòfin, ó bọ́ sí ilé àgbà ní 2007, kò sì jáde mọ́. Olùkọ́ ni ní Yunifásítì Maiduguri kó tó dòṣèlú, ó ti gboyè ọ̀mọ̀wé ní Cranfield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 2022, Abdullahi Adamu tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ sọ fún ìgbìmọ̀ amúṣẹ́ṣe pé Lawan ni ẹni tí àwọn fẹnu kò sí. Ìpàdé gbogbogbòò ku ọ̀la. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, nílẹ̀ yìí, bí alága ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba bá ti pe orúkọ èèyàn báyẹn, aṣọ ìwúyè ló kàn tó máa lọ rán.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka ìbò tán ní Eagle Square l'Ábùjá lọ́jọ́ 8, ohun tó jáde rèé: Tinubu 1,271, Amaechi 316, Osinbajo 235, Lawan 152, Yahaya Bello 47. Ipò kẹrin ni ẹni tí alága pe orúkọ rẹ̀ wà.

Kí ló fà á? Mo ní èrò tèmi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbọ́ tiyín.

Gbẹ́nugbẹ́nu kọ:

Dọ́là ni. Ó tán. Ẹ ti ilẹ̀kùn.

Àjànàkú_Ẹ̀gbá kọ:

Gbẹ́nugbẹ́nu, sùúrù. Gbogbo ìlú ló sọ̀rọ̀ dọ́là lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò ní kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé Ààrẹ ilé àgbà ni yóò wá sọ pé òun ò rówó ná ni? Fọ́ọ̀mù nìkan, mílíọ̀nù 100 náírà ni: mílíọ̀nù 30 fún ìfìfẹ́hàn, 70 fún ìdíje. Àwọn tó san irú owó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì gba òdo wà níbẹ̀. Pásítọ̀ Tunde Bakare gba òdo. Rochas Okorocha, sẹ́nétọ̀ lòun náà, gba òdo. Owó tó ra fọ́ọ̀mù kò ra ìbò fún wọn.

Lójú mi, Abẹ́òkúta ni nǹkan ti yí. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, Tinubu dúró níwájú àwọn dẹ́lígéètì ìpínlẹ̀ Ògùn, ìyẹn àwọn aṣojú tó ń dìbò abẹ́lé, ó là á mọ́lẹ̀ pé bí kò bá sí tòun ni, Buhari ì bá má wọlé, ó wá gbé e jáde: Èmi ló kàn. Ẹ lè fẹ́ràn rẹ̀, ẹ lè kórìíra rẹ̀, ó ní ohun tó ń tọrọ, ó sì ní ìdí tó fi ń tọrọ rẹ̀. Ẹ bá mi wá gbólóhùn kan tí Lawan sọ ní gbogbo àsìkò ìpolongo rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni níbí lè rántí. Ẹyọ kan péré.

Gbẹ́nugbẹ́nu kọ:

Kò sí 😂

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo kọ:

Ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀rọ̀ ibi tí ipò yóò lọ ni, ẹ má fi dọ́là bò ó mọ́lẹ̀. Buhari, ará Katsina, ló ń parí ọdún mẹ́jọ lọ. Kí ẹnì kan láti Yobe tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tún ṣe mẹ́jọ? Ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún èèyàn Enugu, tàbí fún wa níbí?

Àwọn gómìnà Àríwá fúnra wọn mọ̀ pé kò ní ṣeé tà. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹfà, mọ́kànlá nínú wọn, tí gómìnà tẹ́lẹ̀ kan wà lára wọn, fọwọ́ síwèé pé kí ipò ààrẹ bọ́ sí Gúúsù. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni Adamu ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pe orúkọ Lawan. Ẹ wo ohun tí mo ń sọ: wọ́n ti ti ilẹ̀kùn kí ó tó kanlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tó pe orúkọ yẹn gan-an, àwọn gómìnà náà gba Villa lọ, Buhari sì sọ fún wọn pé òun ò ní ọmọ oyè kankan lọ́kàn.

Arìnrìnàjò_Damaturu kọ:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làákàyè. Yobe ni iṣẹ́ gbé mi wá, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé láàárín àwọn èèyàn ibẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí láti ìhà ìhín.

Ìṣirò tí wọ́n ṣe kò burú tó bí ẹ ṣe ń wò ó yẹn. PDP ti fa Atiku kalẹ̀ lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún. Adamawa ni Atiku ti wá. Àwọn tó wà lẹ́yìn Lawan ní kí APC náà fa ọmọ Àríwá Ìlà-oòrùn kalẹ̀, kí ìbò agbègbè yẹn má baà bọ́ sápò Atiku láìsí ìjà. Ẹ̀dùn kan tún wà tí àwọn èèyàn ibí kì í fẹ́ ká fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: látìgbà tí a ti ń pe olórí ilẹ̀ yìí ní ààrẹ, Àríwá Ìlà-oòrùn kò tíì jẹ ẹ́. Tafawa Balewa tó jẹ́ ọmọ Bauchi ṣe olórí ìjọba, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọba ìgbà yẹn yàtọ̀. Kódà Orji Uzor Kalu, ọmọ Ábíá, ló ń ké jù fún Lawan. Ohun tó ní ni pé bí kò bá ti lè jẹ́ Gúúsù Ìlà-oòrùn, kó jẹ́ Àríwá Ìlà-oòrùn, torí agbègbè méjèèjì ni kò tíì jẹun níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ rèé: nínú àwọn gómìnà tó fọwọ́ síwèé pé kí ipò lọ sí Gúúsù, Zulum ti Borno wà níbẹ̀, Inuwa Yahaya ti Gombe wà níbẹ̀. Agbègbè Lawan gan-an ni! Borno sì ni Yobe ti jáde ní 1991, ilé kan náà ni. Bí ará ilé ẹni bá ti fọwọ́ sí i pé kí ipò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, kí la fẹ́ wí fún ará Ẹdó?

Lọ́yà_Kékeré kọ:

Ẹ jẹ́ n mú òfin wọ ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà.

Òfin Ìdìbò tí Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2022, abala 84 ló sọ bí ẹgbẹ́ ṣe lè yan ẹni tí yóò gbé àsíá rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, kí àwọn aṣojú dìbò, tàbí kí wọ́n fẹnu kò sí ẹnì kan. Tó bá jẹ́ ti ìfẹnukò, òfin ní gbogbo olùdíje tó yege àyẹ̀wò ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara wọn kọ̀wé pé àwọn jáwọ́, pé àwọn sì fara mọ́ ẹni tí wọ́n fẹnu kò sí. Bí ẹyọ ẹnì kan bá kọ̀, ìdìbò di dandan. Olùdíje 23 ló jókòó níwájú ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò Odigie-Oyegun. Ìwé ta ni Adamu ní lọ́wọ́ nígbà tó ń pe orúkọ? Ṣé Tinubu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò l'Ábẹ́òkúta ni yóò kọ̀wé ìjáwọ́ fún Lawan? Orúkọ tí alága pè lọ́jọ́ yẹn, kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin rárá.

Èkejì ló wá jù. Kó tó di àsìkò yìí, bí ẹgbẹ́ bá ń dìbò abẹ́lé, àwọn kan wà tí ipò wọn nìkan ti sọ wọ́n di dẹ́lígéètì: ààrẹ, àwọn gómìnà, àwọn aṣòfin, àwọn alákòóso ẹgbẹ́. Òfin 2022 yìí, bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kò dárúkọ wọn. Àwọn tí wọ́n dìbò yàn láti jẹ́ aṣojú nìkan ló kà kún. Nígbà tí àwọn aṣòfin já sí i ní oṣù Karùn-ún, wọ́n sáré ṣàtúnṣe, wọ́n gbé e lọ fún Buhari. Buhari kò fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ n tún un sọ kó lè yéni. Àwọn sẹ́nétọ̀ ni ogun tí Lawan ní. Wọ́n bá a lọ gba fọ́ọ̀mù, wọ́n bá a rìn káàkiri. Lọ́jọ́ ìdìbò, ipò sẹ́nétọ̀ kò fún ọ̀kan nínú wọn ní ìbò. Ipò Ààrẹ ilé àgbà kò sì fún òun fúnra rẹ̀ ní ìbò. Ilé tí òun jẹ́ olórí rẹ̀ ló ṣe òfin náà.

Gbẹ́nugbẹ́nu kọ:

Ẹ dúró ná. Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, ẹ fẹ́ sọ pé ọkùnrin yìí lu gáfù, òòlù Ààrẹ ilé àgbà, sórí òfin tó yọ ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó lè dìbò fún un?

Lọ́yà_Kékeré kọ:

Gáfù náà gan-an. Kó o tó rẹ́rìn-ín tán, gbọ́ èyí tó kù. Ní ìparí 2021, àwọn aṣòfin yìí kan náà ti kọ ọ́ sínú àbá òfin pé ìdìbò gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni kí ẹgbẹ́ máa lò, kí ọ̀rọ̀ dẹ́lígéètì kúrò nílẹ̀. Àwọn gómìnà yarí. Buhari kò fọwọ́ sí i, ó ní kí wọ́n fún àwọn ẹgbẹ́ láyè láti yan ọ̀nà tó bá wù wọ́n. Wọ́n sì fún wọn. Mi ò sọ pé Lawan ì bá wọlé bí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá dìbò o. Mo ń sọ pé láti ìgbà yẹn làwọn aṣòfin ti mọ ibi tí agbára wà, wọ́n fẹ́ gbà á, ọwọ́ wọn ò tó o.

Ọ̀tọ́kítọ́ kọ:

Lọ́yà, o ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, Ọlọ́run á jẹ́ kó o dàgbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà. APC yan dẹ́lígéètì mẹ́ta-mẹ́ta láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 2,322. Ta ló ń darí ìpàdé tí wọ́n fi ń yan àwọn mẹ́ta yẹn nílùú kéékèèké? Gómìnà ni. Ta ló ń san owó ọkọ̀ àti hòtẹ́ẹ̀lì wọn dé Àbújá? Ẹ̀yin náà mọ̀. Sẹ́nétọ̀ lórúkọ l'Ábùjá, ó ní ọ̀rẹ́, ó ní ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tó ń tẹ̀ lé e kiri, ṣùgbọ́n kò ní ẹni mẹ́ta láti ìjọba ìbílẹ̀ kankan àyàfi bí gómìnà ibẹ̀ bá yá a.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ wo ẹnì kan ṣoṣo: Rochas Okorocha tí Àjànàkú dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Kejìlá 2014, nígbà tí APC ṣe ìdìbò abẹ́lé ní pápá ìṣeré Teslim Balogun l'Ékòó, gómìnà Ímò ni. Ó gba ìbò 624. Buhari tó borí gba 3,430, Kwankwaso 974, Atiku 954. Lọ́dún 2022, ẹgbẹ́ kan náà, ọkùnrin kan náà, ẹnu dídùn kan náà. Ó ti di sẹ́nétọ̀. Ó gba òdo.

Kwankwaso náà ńkọ́? Gómìnà Kánò ni nígbà tó gba 974 yẹn. Nígbà tó di 2018, ó ti di sẹ́nétọ̀, ó ti padà sí PDP, ó du tíkẹ́ẹ̀tì ní Port Harcourt, ó gba 158.

Bàbá_Àkúrẹ́ kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń ka gbogbo rẹ̀, mo kàn fẹ́ tún ibì kan ṣe. Ọ̀tọ́kítọ́, àwọn dẹ́lígéètì ọdún 2014 pọ̀ ju ti 2022 lọ dáadáa, torí àwọn olóyè tí Lọ́yà ń sọ yẹn ṣì ń dìbò. Ẹ má fi 624 wé òdo bíi pé òṣùwọ̀n kan náà ni. Kwankwaso sì ti yí ẹgbẹ́ padà, àjèjì ló jẹ́ ní PDP lọ́dún yẹn.

Ẹ tún rántí Jos, 1993. MKO kò ṣe gómìnà rí, kò ṣe sẹ́nétọ̀ rí, ó sì gba tíkẹ́ẹ̀tì SDP níwájú Kingibe tó ti ṣe alága ẹgbẹ́ náà. Ohun tó gbé e wọlé ni pé Atiku, tí àwọn èèyàn Shehu Yar'Adua wà lẹ́yìn rẹ̀, yà fún un. Nítorí náà, kì í ṣe ipò gómìnà ló ṣe pàtàkì, ẹni tó ní àwọn dẹ́lígéètì lọ́wọ́ ni kó o bá sọ̀rọ̀. Nígbà yẹn, Yar'Adua ni. Ní 2022, àwọn gómìnà ni.

Ọ̀tọ́kítọ́ kọ:

Ẹ ṣé, bàbá. Òdo sì jẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n èyíkéyìí o, ẹ jọ̀ọ́ 😀. Bí dẹ́lígéètì tilẹ̀ dín kù sí ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́ta 624 kì í ṣòdo.

Àjànàkú_Ẹ̀gbá kọ:

Èmi ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ Buhari. Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé Adamu dédé jí lọ́jọ́ kan ló pe orúkọ Lawan láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an?

Bàbá_Àkúrẹ́ kọ:

Ìbéèrè àgbà nìyẹn. Ohun tó wà nílẹ̀ rèé. Lọ́jọ́ 31 oṣù Karùn-ún, Buhari pe àwọn gómìnà APC, ó ní bí òun ṣe fi wọ́n sílẹ̀ láti yan ẹni tó wù wọ́n ní ìpínlẹ̀ wọn, kí wọ́n fi òun náà sílẹ̀ láti lọ́wọ́ nínú yíyan ẹni tí yóò rọ́pò òun. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Adamu pe orúkọ Lawan, ó ní òun ti bá ààrẹ sọ̀rọ̀ kí òun tó pè é. Kò tíì dọjọ́ kejì tí ààrẹ ní òun ò mọ ọmọ oyè kankan. Akọ̀wé ètò ẹgbẹ́, Suleiman Argungu, jáde sí àwọn oníròyìn, ó ní àwọn tó kù nínú ìgbìmọ̀ amúṣẹ́ṣe ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọ̀kan nínú méjì ni. Yálà wọ́n fi Adamu dán omi wò, tí omi jìn, tí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Tàbí kó jẹ́ pé Adamu gbọ́ nǹkan kan, ó sọ ọ́ di nǹkan míì. Ọ̀kan ni mo gbà gbọ́, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà jù láti máa kọ ọ́ síta.

Gbẹ́nugbẹ́nu kọ:

Bàbá, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀ 🙏

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo kọ:

Ohun tí mi ò lóye títí di òní ni pé kí ló dé tí Lawan kò yà sílẹ̀. Mo jókòó ti tẹlifíṣọ̀n mọ́jú lọ́jọ́ náà. Fayemi dìde, ó yà fún Tinubu. Amosun yà. Bankole yà. Boroffice yà. Badaru ti Jigawa yà. Akpabio yà. Arábìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, Uju Ken-Ohanenye, òun náà yà. Gbogbo ẹni tó bá lójú rí i pé odò ti ń ṣàn sí apá kan. Lawan gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sọ̀rọ̀ tiẹ̀, ó padà lọ jókòó. Kí ló ń retí?

Àjànàkú_Ẹ̀gbá kọ:

Boya ó ń retí pé kí àṣẹ kan ṣì ti ibì kan bọ̀ lóru. Tàbí ìtìjú. Ẹni tí wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba, kò rọrùn kó yà fún ẹni tí wọn ò pè.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ná an. Akpabio tó yà lóru ọjọ́ yẹn, ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà 2023 ló di Ààrẹ Ilé Àgbà: ìbò 63, Abdulaziz Yari gba 46. Àga tí Lawan dìde níbẹ̀ ló jókòó sí.

Ọ̀tọ́kítọ́ kọ:

Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyẹn o, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ìtàn rẹ̀ yẹ ká tú wò. Ẹ rántí ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà 2015. Lawan ni ẹgbẹ́ ní kó ṣe Ààrẹ Ilé Àgbà nígbà yẹn náà. Wọ́n kó àwọn sẹ́nétọ̀ APC lọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé àgbáyé l'Ábùjá pé Buhari fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń retí, Saraki àti àwọn tiẹ̀ pẹ̀lú àwọn PDP wọlé ìgbìmọ̀, sẹ́nétọ̀ 57 fi Saraki jẹ láìsí alátakò. Nígbà tí Lawan fi máa dé, ọ̀rọ̀ ti bù ṣe.

Lọ́dún 2019 tó wá rí i gbà, 79 sí 28 ló fi na Sẹ́nétọ̀ Ndume tí wọ́n jọ du àga náà, torí lọ́dún yẹn wọ́n ka orí sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó wọlé. Ó ti rí ọ̀nà méjèèjì kó tó dé Eagle Square. Ìyẹn ló ń yà mí lẹ́nu.

Àkókò náà tún wà níbẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní 2022 ni Tinubu ti lọ sọ fún Buhari ní Villa pé òun fẹ́ du ipò ààrẹ. Láti ìgbà yẹn ló ti ń yí ká, láti ààfin kan dé òmíì, láti ilé gómìnà kan dé òmíì. Oṣù Karùn-ún ni Lawan gba fọ́ọ̀mù, ìdìbò sì bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. Àbí ta ló ń dá oko nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ti ń kórè?

Arìnrìnàjò_Damaturu kọ:

Ẹ ò tíì dé orí apá tó ká àwọn èèyàn ibí lára jù lọ. Bó ṣe ń du ipò ààrẹ yẹn, ta ló ń ṣọ́ ilé?

Lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2022, APC ṣe ìdìbò abẹ́lé fún ipò sẹ́nétọ̀ Àríwá Yobe. Lawan kò sí nínú rẹ̀, Àbújá lọkàn rẹ̀ wà. Bashir Machina nìkan ló jáde, ó sì gbà á láìsí alátakò. Nígbà tí Eagle Square bàjẹ́, ẹgbẹ́ fi orúkọ Lawan ránṣẹ́ sí INEC, wọ́n ní àwọn tún ìdìbò ṣe lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹfà. Wọ́n ní kí Machina yà. Ó ní òun ò yà. Ó ní bẹ́ẹ̀, ó sì dúró lórí ẹ̀. Ẹ ò mọ bí orúkọ ọkùnrin yẹn ṣe gbayì níbí nígbà náà, títí kan láàárín àwọn tó fẹ́ràn Lawan.

Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Damaturu dá Machina láre ní oṣù Kẹsàn-án. Lawan ní òun ti gbà, òun ò ní pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ẹgbẹ́ ló pè é. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tún dá Machina láre ní oṣù Kọkànlá. Gbogbo wa rò pé ó parí. Ọjọ́ 6 oṣù Kejì 2023, nígbà tí ìdìbò ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ gbé tíkẹ́ẹ̀tì padà fún Lawan. Adájọ́ mẹ́ta sí méjì.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo kọ:

Háà! Ẹni tí kò díje rárá? Lọ́yà, jọ̀ọ́, ṣàlàyé kí inú mi lè rọ̀.

Lọ́yà_Kékeré kọ:

Ìyá wa, inú yín ò ní rọ̀ o.

Àwọn adájọ́ mẹ́ta yẹn, Centus Nweze ló ka ìdájọ́ wọn, kò dá a lórí ẹni tó yege ìdìbò abẹ́lé. Ohun tí wọ́n wò ni ìwé tí Machina fi pẹjọ́. Ó fẹ̀sùn jìbìtì kan ẹgbẹ́. Ẹ̀sùn jìbìtì gba kí ẹlẹ́rìí dìde, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè. Irú ìwé ìpẹ̀jọ́ tó lò jẹ́ ti ẹjọ́ tí kò ní àríyànjiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀kùn tó gbà wọlé kì í ṣe tiẹ̀. Adájọ́ méjì tó kù, Agim àti Jauro, ní rárá: Lawan kò kópa nínú ìdìbò ọjọ́ 28, ohun tó ṣe kedere nìyẹn, kí la tún ń pe ẹlẹ́rìí sí?

Tèmi? Mo gbà pé ìlànà ṣe pàtàkì, oúnjẹ òòjọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n ti àwọn méjì yẹn ni mo ṣe. Oṣù kan náà tí ìdìbò yóò wáyé nìkan ni wọ́n rí i pé ìwé tí ọkùnrin náà fi wọlé láti ọdún tó kọjá ò tọ́. Kò sí àyè fún un láti tún ẹjọ́ náà pè.

Akpabio náà gba irú ọ̀nà yìí, ẹ má gbàgbé. Òun náà lọ du ipò ààrẹ, ẹlòmíì ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì sẹ́nétọ̀ ní ẹkùn rẹ̀ ní Akwa Ibom, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ náà ló dá a padà, oṣù Kìn-ín-ní 2023.

Gbẹ́nugbẹ́nu kọ:

Ó dáa. Mo ti gbọ́ òfin, mo ti gbọ́ ti gómìnà. Ká sọ pé sẹ́nétọ̀ ni mí, mo sì fẹ́ jẹ ààrẹ. Kí n ṣe báwo? Ẹ má sọ fún mi pé kí n kọ́kọ́ lọ ṣe gómìnà o.

Ọ̀tọ́kítọ́ kọ:

Lọ kọ́kọ́ ṣe gómìnà.

Mi ò fi ṣeré. Láti 1999 títí dé 2023, ẹ ka àwọn tí PDP àti APC fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ: Obasanjo, Yar'Adua, Jonathan, Buhari, Atiku, Tinubu. Kò sí ọ̀kan tó ti orí àga sẹ́nétọ̀ bọ́ síbẹ̀. Tinubu ṣe sẹ́nétọ̀ rí, ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ní 1992, ọdún mẹ́jọ gómìnà Èkó tó ṣe lẹ́yìn náà ló gbé e. Saraki jẹ́ Ààrẹ Ilé Àgbà lọ́wọ́lọ́wọ́ nígbà tó du tíkẹ́ẹ̀tì PDP ní 2018, ó gba 317 níwájú Atiku tó gba 1,532 àti Tambuwal, gómìnà Sókótó, tó gba 693. David Mark tó ṣe Ààrẹ Ilé Àgbà ọdún mẹ́jọ gba 35. Lawan gba 152. Ó jọ pé àga yẹn ò bá ọ̀nà Villa mu.

Bàbá_Àkúrẹ́ kọ:

Kó lọ ṣe gómìnà, àbí kó ní gómìnà mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì wọ́n ju èkíní lọ.

Àjànàkú_Ẹ̀gbá kọ:

Lọ́yà, ìbéèrè kan ló kù: àtúnṣe tí wọ́n fẹ́ fi dá àwọn aṣòfin padà sínú dẹ́lígéètì yẹn, ṣé Buhari padà fọwọ́ sí i kí ìdìbò 2023 tó dé?

Lọ́yà_Kékeré kọ:

Kò fọwọ́ sí i. PDP lo òfin náà bẹ́ẹ̀ láti yan Atiku, APC lò ó bẹ́ẹ̀ láti yan Tinubu. Àwọn sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì jókòó, wọ́n ń wòran.

Arìnrìnàjò_Damaturu kọ:

Lawan padà sílé àgbà, wọ́n búra fún un ní 2023 gẹ́gẹ́ bí sẹ́nétọ̀ Àríwá Yobe. Akpabio ló ń darí ìjókòó.